Ìwádìí àti kílíníìkì àkànṣe: ohun tí ó yẹ kí dókítà wò kí ó tó mú ibi tí yóò ti ṣe fẹ́lóṣíìpù rheumatology

Dókítà obìnrin kan, ọmọ Abẹ́òkúta, tó wà ní ọdún kejì rẹ́sídẹ́ńsì rẹ̀ nínú ìṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Rheumatology ni ẹ̀ka ìṣègùn tó ń tọ́jú àìsàn oríkèé àti àwọn àìsàn bíi lupus, scleroderma àti vasculitis, níbi tí agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ti ń yí padà bá ara jà; fẹ́lóṣíìpù ni ìdálẹ́kọ̀ọ́ àkànṣe tí dókítà, tí a ń pè ní fẹ́lò, ń ṣe lẹ́yìn rẹ́sídẹ́ńsì. Dókítà náà ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ṣe fẹ́lóṣíìpù nínú rheumatology. Físà J-1, ti àwọn tó wá kọ́ṣẹ́, ni mo fi wà níbí, mo sì ń gbèrò láti padà sílé lọ ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní kí n wá yunifásítì ńlá tí ìwádìí pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ní kílíníìkì lupus lọ́tọ̀, ti scleroderma lọ́tọ̀, ti vasculitis lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn ní ìwádìí kò wúlò fún ẹni tí kò fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, pé ibi kékeré tí n ó ti máa rí oríṣiríṣi aláìsàn láràárọ̀ ló máa kọ́ mi níṣẹ́. Mi ò fẹ́ fi ọdún méjì ṣòfò. Èwo ni kí n mú?"

Dókítà, àbúrò mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun méjì ló ń bà yín lẹ́rù. Èkíní ni pé kí ẹ má lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọdún gbáko, kí ẹ wá jáde láìmọ bí a ṣe ń tọ́jú ènìyàn. Èkejì ni pé kí ẹ má lọ mọ àìsàn kan ṣoṣo ní àmọ̀jù, kí aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ ti inú ìwé wá jókòó síwájú yín nílé, kí ẹ má mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù méjèèjì ló nídìí. Ohun tí mo kọ̀ ni ọ̀nà tí àwọn ọ̀rẹ́ yín gbà gbé e kalẹ̀, tí wọ́n fi ìwádìí sí ọ̀tún, tí wọ́n fi ìtọ́jú aláìsàn sí òsì, tí wọ́n wá ní kí ẹ mú ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin wí, nítorí ó pọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ tí òfin ti dáhùn rẹ̀. Ó kéré tán, ọdún méjì ni fẹ́lóṣíìpù rheumatology ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta rẹ́sídẹ́ńsì. ABIM, ìgbìmọ̀ tí a ń ṣe ìdánwò ẹ̀ka yìí lọ́dọ̀ rẹ̀, ń béèrè oṣù 24, oṣù 12 nínú rẹ̀ ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìtọ́jú aláìsàn. ACGME, tó ń fọwọ́ sí àwọn ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́, ní kí fẹ́lò kọ̀ọ̀kan ní kílíníìkì tirẹ̀ tí àwọn aláìsàn kan náà yóò máa padà wá bá a níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ó sì ní kí gbogbo fẹ́lò lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìmọ̀ ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn. Èyí já sí pé kò sí ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́ tí òfin fọwọ́ sí tí ẹ ti lè sá fún ìwádìí pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ẹ ti lè parí láìtọ́jú aláìsàn fún ọdún kan ó kéré tán. Ọdún kejì ni ìyàtọ̀ wà. Níbì kan, ọdún kejì dà bí ọdún kìíní, ìpè láti wọ́ọ̀dù àti kílíníìkì ló kún inú rẹ̀. Níbòmíràn, ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n yọ sílẹ̀ fún ìwádìí, tí fẹ́lò sì ń lọ sí kílíníìkì àkànṣe kan tàbí méjì tó bá ìwádìí rẹ̀ mu. Ọdún kejì yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí kílíníìkì àkànṣe, torí òun ni mo rò pé àwọn ènìyàn ṣì lóye jù. Wọ́n rò pé ẹni tó fẹ́ fi ìgbésí ayé rẹ̀ tọ́jú àìsàn kan ṣoṣo ló nílò rẹ̀. Ẹ wo àwọn àìsàn wa bí wọ́n ṣe rí: púpọ̀ nínú wọn kò wọ́pọ̀. Scleroderma, tí ń mú awọ ara le tí ó sì lè mú ẹ̀dọ̀fóró gan pẹ̀lú rẹ̀, àìsàn tí dókítà inú kílíníìkì gbogboogbò lè máà rí ju ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ lọ lọ́dún ni. Ẹni tó bá rí ẹyọ kan lóṣù yìí, tí kò tún rí òmíràn títí ìgbà òjò fi kọjá, ojú rẹ̀ kò lè tó ìyàtọ̀ wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ní kílíníìkì scleroderma, fẹ́lò lè rí obìnrin tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn lára rẹ̀, kí ó rí ọkùnrin tí awọ rẹ̀ ti ń rọ̀ padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí ó tún rí ẹni tí awọ rẹ̀ kò le púpọ̀ ṣùgbọ́n tí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń há. Wọ́n tẹ̀ léra wọn, ó fi wọ́n wéra, ó sì ń gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń rò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ọwọ́ ń kọ́ níbẹ̀ kò ṣeé kọ́ nínú ìwé. Láti mọ bí awọ ṣe le tó, ibi 17 ni a ń fi ìka fún lára aláìsàn, láti ojú dé ẹsẹ̀, a ó sì fún ibi kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé mẹ́ta, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 51 lọ. Ó dùn-ún sọ, ṣùgbọ́n kí ni ìyàtọ̀ láàrin ọ̀kan àti méjì? Ìka ọ̀gá ló máa kọ́ ìka yín: ẹ ó fún awọ apá, ẹ ó pe máàkì tiyín, òun náà ó fún un, ó pe tirẹ̀, ẹ ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí máàkì yín yóò fi súnmọ́ ara wọn. Bákan náà ni wíwo ẹsẹ̀ èékánná. Ẹ ó kán òróró díẹ̀ sí ibi tí awọ ti pàdé èékánná, ẹ ó gbé awò asọhun-kékeré-di-ńlá lé e, ẹ ó sì rí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó yẹ kí wọ́n tò bí irun orí búrọ́ọ̀ṣì. Lára ẹni tí scleroderma ń bọ̀ lára rẹ̀, àwọn kan á ti fẹ̀ kọjá ààlà, àwọn kan á ti parẹ́, ẹ̀jẹ̀ á ti sun síta ní àwọn ibì kan, nígbà mìíràn kí awọ tó le rárá. Awò kékeré bẹ́ẹ̀ àti òróró díẹ̀ kì í ṣe ohun tí ilé ìwòsàn wa ní Nàìjíríà kò lè ní.

Ní tiwa tí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àǹfààní mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àwòrán tó pọ̀ jù nínú ìwé wa jẹ́ ti awọ funfun, níbi tí lupus ti ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ́n. Lára àwọn ènìyàn wa, ibẹ̀ lè dúdú sí i tàbí kí ó ní àwọ̀ elése àlùkò, dókítà tó ń wá pupa á sì kọjá lára rẹ̀. Ní ti scleroderma, àwọ̀ ara lè ṣí ní ààyè, kí ó ku tó-tò-tó dúdú ní ìdí irun, tí àwọn kan á máa pè é ní ẹ̀tẹ̀ tàbí kí wọ́n ní ọṣẹ ìbóra ló fà á. Kílíníìkì àkànṣe ní ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, bíi Baltimore tàbí Atlanta, lè la ojú yín sí èyí ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Bí ẹ bá ń yan ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́, ẹ béèrè irú àwọn ènìyàn tí ń wá síbẹ̀. Mo kà á sí ohun ńlá.

Síbẹ̀, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí ẹ lọ sí ibi kékeré, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá dé kílíníìkì àkànṣe, àwọn mìíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé. Orúkọ àìsàn rẹ̀ ti wà lórí ìwé tí wọ́n fi rán an wá. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà fún un ló ń sè lójoojúmọ́, kò ní mọ òkúta yọ nígbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀wà ọjà sí i níwájú. Iṣẹ́ tó le jù nínú ẹ̀ka wa ni kí ènìyàn púpọ̀ jókòó síwájú yín, kí gbogbo wọn ní ara ń ro àwọn, kí ẹ mọ ẹni tí orúnkún rẹ̀ kàn gbó, ẹni tí oorun àti ìrònú ń dà láàmú, ẹni tí gout, àìsàn oríkèé tí kírísítálì ń fà, ń jà, àti ẹyọ ẹni kan tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ tí kò sì mọ̀. Kílíníìkì gbogboogbò, tí aláìsàn jẹ́ tiyín tí ẹ ń rí i lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ni a ti ń kọ́ èyí. Níbẹ̀ náà ni ẹ ti máa ń rí àbájáde ìpinnu yín: oògùn tí ẹ fún un tó bá a lára mu, èyí tí kò lò nítorí owó, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò lọ ṣe. Fẹ́lò tó bá fi kílíníìkì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún kejì nítorí ìwádìí ti pàdánù ohun tí ìwádìí kò lè dá padà fún un.

Ìwádìí wá ńkọ́? Àwọn tó ní kò wúlò fún ẹni tí kò fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó jọ pé yàrá àyẹ̀wò àti eku funfun nìkan ló ń wá sí wọn lọ́kàn. Ẹ̀ka tiwa yìí, láti ojú aláìsàn ni ọ̀pọ̀ nǹkan ńlá rẹ̀ ti jáde. Ní ọdún 1929, Philip Hench ní Mayo Clinic ṣàkíyèsí pé aláìsàn kan tí oríkèé ń dà láàmú ní ìtura nígbà tí ibà pọ́njú kọ lù ú. Lẹ́yìn náà ó rí i pé ìrora àwọn obìnrin kan ń lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lóyún. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló wà nínú ara tó ń ṣe èyí. Ìgbà tó di 1948 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún aláìsàn àkọ́kọ́ ní cortisone, tó jẹ́ irú sitẹ́rọ́ìdì kan, ní 1950 sì ni òun, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel. Dókítà tó ń wo aláìsàn rẹ̀ dáadáa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó súnmọ́ wa ṣàfihàn ohun tí kílíníìkì àkànṣe ń ṣe fún ìwádìí. Ní Johns Hopkins ní Baltimore, wọ́n kó àwọn tó ní myositis, àìsàn tó ń ba iṣan ara jẹ́, jọ sí kílíníìkì kan. Nítorí pé ojú kan náà ló ń rí wọn, àwọn dókítà ibẹ̀ ṣàkíyèsí pé àwọn kan wà tí iṣan wọn ń kú, tí púpọ̀ nínú wọn ti lo oògùn statin tí a fi ń mú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tí àìsàn náà kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti já oògùn náà sílẹ̀. Ní 2010 wọ́n ròyìn antibody kan, ìyẹn irú ohun ìjà tí ara ń ṣe, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 2011 wọ́n fi hàn pé èròjà HMGCR, tí statin ń dí lọ́wọ́ gan-an, ni antibody náà ń gbógun tì. Lónìí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí dókítà èyíkéyìí lè béèrè fún ni, ó sì ń jẹ́ ká mọ ẹni tí jíjá statin sílẹ̀ nìkan kò ní tó fún. Ká ní àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn tú ká sí kílíníìkì ogún, tí dókítà kọ̀ọ̀kan rí ẹyọ kan, ta ni ì bá so ó pọ̀? Mi ò sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn. Ní 2020, ìdí àbùdá ni àwọn ará NIH, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn: wọ́n rí àyípadà nínú àbùdá UBA1 lára àwọn ọkùnrin 25, ìyẹn àìsàn tí a ń pè ní VEXAS báyìí.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹ kò ní ṣàwárí ohunkóhun láéláé. Ìwádìí ṣì wúlò fún yín, nítorí ó ń kọ́ni láti ka iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ wo oògùn belimumab, tí wọ́n fọwọ́ sí fún lupus ní 2011 lẹ́yìn tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí oògùn tuntun kankan kò jáde fún un. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni lupus ń bá jà jù ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ìwọ̀nba wọn ló wà nínú ìdánwò méjì tí wọ́n fi fọwọ́ sí i, àbájáde tiwọn kò sì dára. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n ṣe òmíràn fún àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan. Nínú ìyẹn, ìdá 48.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn ló gbádùn dé ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀, àwọn tí kò gbà á jẹ́ 41.6, ìyàtọ̀ yẹn kò sì tó láti sọ pé kì í ṣe èèṣì. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan jókòó síwájú yín, ó ní, "Dókítà, ṣé yóò ṣiṣẹ́ fún irú wa?" Ẹni tí kò kọ́ ìwádìí yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó ti jókòó ti nọ́ńbà tirẹ̀ rí, tó mọ bí iye ènìyàn tó kéré ṣe ń tanni jẹ, yóò lè ṣàlàyé fún un pé àpẹẹrẹ náà fì sí ọ̀dọ̀ oògùn ṣùgbọ́n kò dáni lójú, yóò sì bá a gbèrò. Iṣẹ́ kílíníìkì pọ́ńbélé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan àwa Yorùbá tààrà. Ní 2010 ni wọ́n rí i pé irú àbùdá APOL1 kan tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ kòkòrò àrùn oorun, lè ba kíndìnrín jẹ́ bí ènìyàn bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Lára ohun tí wọ́n fi mọ bó ṣe wọ́pọ̀ tó ni àkọsílẹ̀ àbùdá tó wá láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà wọ́n fi hàn pé láàrin àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí lupus wọ kíndìnrín wọn, àwọn tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni kíndìnrín wọn ń tètè kú jù. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ìwé sì ń sọ pé lupus ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélọ́wọ̀ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ àwọn aláìsàn lupus 66 ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ tó péye ni, tí ẹni tó mọ ohun tí yóò béèrè kó jọ. Bí ẹ bá padà sílé, irú ìwádìí yìí gan-an ni ẹ máa lè ṣe láìdúró de owó ẹnikẹ́ni, òun ni mo sì fẹ́ kí fẹ́lóṣíìpù yín kọ́ yín.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìwádìí fẹ́lò púpọ̀ fi ń kú sójú ọ̀nà, nítorí mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó já fáfá. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìbéèrè wọn tóbi ju àkókò lọ. Wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé aláìsàn fún ọdún márùn-ún nínú fẹ́lóṣíìpù ọdún méjì. Tàbí kí wọ́n mú ọ̀gá tó lókìkí, tó ń rìnrìn àjò ṣáá, tí wọn kì í rí bá sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Tàbí kí wọ́n má fi ìwé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìlànà ìwádìí títí ọdún kejì fi wọlé, kí ìgbìmọ̀ náà tún dá a padà fún àtúnṣe. Èyí tó burú jù ni àkókò tí wọ́n ní àwọn yọ sílẹ̀ fún ìwádìí, tó jẹ́ orúkọ lásán: ẹnì kan gba ìsinmi, wọ́n pe fẹ́lò wá sí wọ́ọ̀dù; kílíníìkì kún, wọ́n pè é sí i. Èyí tó ń yọrí sí rere kì í ga lójú. Ọ̀gá ti ní àkójọ aláìsàn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn aláìsàn náà sì jẹ́ ti kílíníìkì àkànṣe tí fẹ́lò ń lọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, tí a lè dáhùn láàrin oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan. Ìwé ìgbìmọ̀ sì ti wọlé kí ọdún kìíní tó parí. Bí kílíníìkì àti ìwádìí bá wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà, ọ̀kan ń bọ́ èkejì. Bí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á máa já àkókò yín gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ físà wá, tí àwọn ọ̀rẹ́ yín kò mẹ́nu bà rárá. Àwọn yunifásítì ńlá sábà máa ń lo owó T32 láti NIH fún ìwádìí fẹ́lò, pàápàá láti fi kún un di ọdún mẹ́ta. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card nìkan ni owó yẹn wà fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni K08 àti K23, owó NIH fún àwọn dókítà olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí ibì kan bá ń fi ọdún kẹta ìwádìí fà yín mọ́ra, ẹ bi wọ́n ní gbangba pé owó ta ni yóò san ti ẹni tó wà lórí J-1. J-1 tún ń béèrè pé kí ẹ padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ìdálẹ́kọ̀ọ́, àyàfi tí ẹ bá rí ìyọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda tí àwọn dókítà ń wá jù ni Conrad 30, tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè 30 fún lọ́dún: ọdún mẹ́ta ni ẹ ó fi ṣiṣẹ́ ní kíkún ní àdúgbò tí dókítà ti ṣọ̀wọ́n, ìtọ́jú aláìsàn sì ni iṣẹ́ náà sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó fẹ́ di olùwádìí ní Amẹ́ríkà lórí J-1 ní òkè ńlá níwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ni ẹ ń lọ ńkọ́? Ọdún méjì tí àwọn mìíràn ń sá fún, òun gan-an ni ẹ ń gbèrò. Àmọ́ bí ọkàn yín bá lè yí padà, àti pé ó máa ń yí, ẹ bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ ohunkóhun, torí àwọn òfin yìí ń yí lọ́tùn-ún lósì, ọ̀rọ̀ èmi dókítà kò tó gbára lé níbẹ̀.

Ní ti ilé, ẹ wo ohun tí ẹ ó bá pàdé. Abẹ́rẹ́ olówó ńlá tí kílíníìkì àkànṣe Amẹ́ríkà ń fún aláìsàn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, àpò ara rẹ̀ ni aláìsàn yín nílé yóò ti máa san án. Methotrexate, hydroxychloroquine, cyclophosphamide àti sitẹ́rọ́ìdì ni ẹ ó máa lò jù, nítorí náà ẹ mọ̀ wọ́n dé gbòǹgbò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè sá pamọ́ sábẹ́ sitẹ́rọ́ìdì, oògùn rituximab sì lè jí kòkòrò mẹ́dọ̀wú B tó ti sùn sínú ẹ̀dọ̀, èyí tó pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹ wá ibi tí fẹ́lò ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa omi oríkèé, tí ó sì ń gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù fúnra rẹ̀ dípò kí ó kàn fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí kírísítálì gout tó rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tó ń dán ní àwọ̀ yẹ́lò bí ó bá dojú kọ apá kan, tó di àwọ̀ aró bí wọ́n bá yí i sí ìkejì, lè ṣe àyẹ̀wò náà ní Abẹ́òkúta bí ó ti ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ultrasound oríkèé náà bẹ́ẹ̀: ẹ má lọ síbi tí fẹ́lò kì í fọwọ́ kàn án.

Ìpinnu tèmi rèé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó gbé ibẹ̀. Yunifásítì ńlá ni n ó mú fún yín, bí ohun mẹ́ta bá dá yín lójú. Kí kílíníìkì gbogboogbò tiyín má dúró ní ọdún kejì. Kí ó jẹ́ pé fẹ́lò ló ń kọ́kọ́ rí aláìsàn nínú kílíníìkì àkànṣe, tó ń sọ èrò rẹ̀ kí ọ̀gá tó wọlé, kì í ṣe pé ó dúró lẹ́yìn ọ̀gá tó ń wòran. Kí ọ̀gá kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn fẹ́lò tó ti kọjá lábẹ́ rẹ̀ parí iṣẹ́ wọn, tí orúkọ tiwọn ṣíwájú lórí rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, ibi kékeré tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní sùúrù sàn jù ú lọ, ẹ sì lè tọrọ oṣù kan tàbí méjì láti lọ sí kílíníìkì àkànṣe níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ibi kékeré ń gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù àìríṣẹ́ darí yín: ìṣirò tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà wa, American College of Rheumatology, ṣe ní 2015 ní àìtó wa yóò ju 4,000 lọ ní Amẹ́ríkà nígbà tó bá fi di 2030, nílé sì rèé, ẹ mọ bí a ti kéré tó.

Àwọn fẹ́lò ọdún kejì ni kí ẹ béèrè àwọn nǹkan yìí lọ́wọ́ wọn, nígbà tí ọ̀gá kò sí nítòsí. Ẹ ní kí wọ́n fi kàlẹ́ńdà ọ̀sẹ̀ tó kọjá hàn yín, kì í ṣe èyí tó wà lórí ìwé ìpolówó. Ẹ bi wọ́n pé ìgbà mélòó ni wọ́n pè wọ́n kúrò nídìí ìwádìí lóṣù tó kọjá, àti bóyá ẹnì kan tó wà lórí J-1 ti parí níbẹ̀ rí, kí ẹ sì gba nọ́ńbà onítọ̀hún. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta yín, ní oṣù keje, ni ìwé ìbéèrè yóò wọlé, àbájáde Match, ètò tí wọ́n fi ń pín àwọn dókítà sí ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́, a sì jáde ní nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Lẹ́tà tí físà J-1 ń béèrè, èyí tí Ilé-Iṣẹ́ Ìlera Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá máa kọ pé Nàìjíríà nílò dókítà nínú ẹ̀ka yìí, ọ̀tọ̀ ni sí èyí tí ẹ lò fún rẹ́sídẹ́ńsì, nítorí ẹ̀ka ti yí padà. Bí Match bá ti jáde, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, kí ẹ sì ní ẹnì kan ní Àbújá tí yóò máa tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ fún yín.